Ojú Adájọ́ Tó Pòórá Lójú Ewé Kìíní: Àkọsílẹ̀ Fọ́tò Kan Láàárín Ẹ̀dà Méjì

Ẹ̀dà kìíní ti kúrò lórí ẹ̀rọ, àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà jíjìn ti gbé tiwọn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣàkíyèsí pé ojú obìnrin tó wà lójú ewé àkọ́kọ́ kò hàn. Adájọ́ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ búra fún un lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni. Ó wọ aṣọ adájọ́ dúdú, ó dúró níwájú ògiri onípákó tó ti ṣókùnkùn, fèrèsé kan sì wà lápá ọ̀tún rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Obìnrin náà dúdú dáadáa. Lórí kọ̀ǹpútà, fọ́tò náà rẹwà: èèyàn ń rí ìṣẹ́po aṣọ, ó ń rí férémù góòlù tó wà lára awò ojú rẹ̀, ó ń rí ẹ̀rín tó fẹ́ yọ lẹ́nu rẹ̀. Lórí bébà, aṣọ funfun tó so mọ́ ọrùn àti fèrèsé nìkan ló kù. Aṣọ, ògiri àti ojú ti di ọ̀kan.

Kò tán síbẹ̀. Nínú ìdì ìwé ìròyìn, yíǹkì aṣọ dúdú yẹn ti ta sára ẹ̀yìn ẹ̀dà tó wà lórí rẹ̀, ó sì ti kun ìpolówó tó wà níbẹ̀ ní dúdú. Tí èèyàn bá ṣí ojú ewé kejì, òjìji aṣọ náà hàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀. Àyè díẹ̀ ṣì wà kí ẹ̀dà kejì tó bẹ̀rẹ̀, ni olóòtú alẹ́ bá pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn onímáṣìn ti ba fọ́tò wa jẹ́ o."

"Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi ná. Ẹ má tíì bá wọn jà."

Kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe pín. Èmi ni mò ń mójú tó fọ́tò lálẹ́. Fọ́tò tó bá wọlé ní RGB, ìyẹn àwọ̀ oníná mẹ́ta tí kámẹ́rà àti ojú kọ̀ǹpútà ń lò, máa ń gba inú sọ́fítíwíà kan kọjá. Sọ́fítíwíà yẹn ló ń yí i sí àwọ̀ yíǹkì mẹ́rin: cyan tó jọ búlúù, magenta tó jọ pupa, yẹ́lò àti dúdú, tí a ń fi lẹ́tà C, M, Y àti K pè. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń wò ó. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá ti jẹ́ CMYK kó tó dé, sọ́fítíwíà náà kì í fọwọ́ kàn án. Ó gbà pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ti mọ irú bébà tó ń lọ. Fọ́tò adájọ́ yìí wọlé ní CMYK, wọ́n sì ti kọ ọ́ sí orúkọ fáìlì pé ó ti ṣe tán fún títẹ̀. Ẹni tó ń to ojú ewé kàn gbé e sí àyè rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tó lè bá a wí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá olórí àwọn onímáṣìn. Àgbàlagbà ni, kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́bi. Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ́ ẹ̀dà náà sábẹ́ iná.

"Wo ọ̀pá àwọ̀ tó wà létí bébà. Ṣé ó pé?"

"Ó pé, Bàbá."

"Àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ńkọ́, ṣé wọ́n bọ́ sórí ara wọn?"

"Wọ́n bọ́ sórí ara wọn, sà."

"Ó yá, wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó wà lẹ́yìn. Ẹ̀rọ kan náà, yíǹkì kan náà, bébà kan náà, ojú gbogbo wọn ló hàn. Ẹ lọ bi fáìlì yín léèrè."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé jiyàn sí. Nírú ọ̀ràn báyìí, fọ́tò míì tó wà lórí bébà kan náà ni ẹlẹ́rìí tó dára jù. Tí gbogbo wọn bá ṣókùnkùn, kí a bi ẹ̀rọ léèrè. Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré, inú fáìlì ni kí a wá a sí.

Mo gbé awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní yíǹkì eléérú, dọ́ọ̀tì ni gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí Daily Graphic ti New York ti tẹ fọ́tò onídọ́ọ̀tì jáde ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1880 ni ọgbọ́n náà ti wà bẹ́ẹ̀: dọ́ọ̀tì ńlá fún ibi tó ṣókùnkùn, dọ́ọ̀tì kékeré fún ibi tó mọ́lẹ̀, bébà láàárín wọn, ojú òǹkàwé á wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bébà tó ṣẹ́ kù láàárín dọ́ọ̀tì ló ń jẹ́ kí a mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́rẹ̀kẹ́ adájọ́ yìí, bébà kankan kò ṣẹ́ kù. Àwọn dọ́ọ̀tì dúdú ti fara kan ara wọn, magenta àti yẹ́lò sì ti dí ìwọ̀nba àlàfo tó yẹ kó wà. Níwájú orí nìkan, níbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti kàn án, ni mo ti rí àwọn ihò funfun tíntìntín.

Mo padà sókè, mo ṣí fáìlì náà nínú Photoshop, mo gbé atọ́ka lé aṣọ adájọ́ níbi tó dúdú jù, mo sì ka nọ́ńbà: C 75, M 68, Y 67, K 90. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí á rẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà tí Photoshop máa ń sọ dúdú RGB dà nìyẹn tí èèyàn bá kàn tẹ CMYK, tí kò sì yí ètò tó bá nínú rẹ̀ padà, ìyẹn ètò U.S. Web Coated SWOP v2. Bébà dídán tí wọ́n fi ń tẹ ìwé àtìgbàdégbà ni wọ́n ṣe ètò yẹn fún. Kò sí ẹni tó jókòó pinnu nọ́ńbà yìí fún adájọ́ yìí. Bọ́tìnì ló pinnu rẹ̀.

Ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀: 300%. Àpapọ̀ yíǹkì là ń pe ìyẹn. Tí àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá bo ojú kan pátápátá, á jẹ́ 400%. Bébà dídán lè gba 300% nítorí pé wọ́n ti fi nǹkan kun ojú rẹ̀, yíǹkì kì í wọlé, ẹ̀rọ tó sì ń tẹ̀ ẹ́ sábà máa ń ní ààrò tí ń fi ooru gbẹ yíǹkì. Ẹ̀rọ ìwé ìròyìn kò ní ààrò. Bébà ló ń fa yíǹkì sínú, òun nìkan ló sì ń gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà àgbáyé fún títẹ ìwé ìròyìn, ISO 12647-3, fi fi òté lé e ní 240%, tí profile, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí àwọ̀ ṣe máa rí lórí bébà kan, tí WAN-IFRA, àjọ àgbáyé àwọn oníwèé ìròyìn, gbé jáde, WAN-IFRAnewspaper26v5, sì tún dín in kù sí 220%. Nígbà tí a bá gbé 300% lé irú bébà bẹ́ẹ̀, èyí tó lè wọlé á wọlé títí tí yóò fi hàn lẹ́yìn, ìyókù á sì dúró lókè, á máa wá ohun tí yóò ta sí. Ìpolówó tó bàjẹ́ ti rí àlàyé nìyẹn.

Ọ̀ràn ojú ṣì wà nílẹ̀, òun ló sì gba àkókò. Lẹ́rẹ̀kẹ́, nọ́ńbà jẹ́ C 52, M 66, Y 68, K 46. Lórí bébà dídán, ojú dúdú tó dára ni nọ́ńbà yẹn máa mú jáde. Bébà ìwé ìròyìn ní tirẹ̀ ń mu yíǹkì bí aṣọ òwú ṣe ń mu omi: ó gbà á, ó sì tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́. Dọ́ọ̀tì tí fáìlì ní kó bo 50%, nǹkan bíi 76% ló máa bò lábẹ́ ìlànà ISO yẹn. SWOP ní tirẹ̀ ti ṣírò pé nǹkan bíi 70% ló máa bò. Ìyàtọ̀ náà kò jọ bàbàrà lójú, àmọ́ àwọ̀ mẹ́rin ló ń wú lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú àlàfo èkejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í rò dójú àmì ni pé wíwú yẹn kì í ṣe bákan náà káàkiri fọ́tò. Dọ́ọ̀tì 3% kéré jù láti wú púpọ̀. Dọ́ọ̀tì 95% kò ní àyè tó máa wú sí mọ́. Àárín ni wíwú ti pọ̀ jù. Níbo wá ni ojú èèyàn dúdú máa ń wà nínú fọ́tò? Láti àárín lọ sísàlẹ̀ ni, gẹ́lẹ́ níbi tí bébà ti ń jẹ ìyàtọ̀ mọ́ra jù. Ojú èèyàn funfun wà lókè díẹ̀, níbi tí dọ́ọ̀tì ṣì kéré tí bébà sì pọ̀. Ètò kan náà tó ń gbé ojú kan yọ lè pa ojú kejì, láìsí ẹni tó ní i lọ́kàn. Kì í sì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀: nígbà ayé fíìmù, káàdì tí Kodak ń kó fún àwọn ilé ìfọtò kí wọ́n lè máa fi tún àwọ̀ ṣe, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, Shirley ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan á máa sọ pé ètò aládàáṣiṣẹ́ ti tó fún gbogbo fọ́tò. Ó tó fún pápá bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án gangan. Fún ojú dúdú níwájú ògiri dúdú, kò tó rárá.

Ohun kan tún wà tí wíwú dọ́ọ̀tì nìkan kò ṣàlàyé. Ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan wà tí a ń pè ní L*, láti 0 tó jẹ́ dúdú biribiri dé 100 tó jẹ́ funfun. Lórí bébà dídán, funfun bébà wà ní nǹkan bíi 95, dúdú yíǹkì sì wà ní nǹkan bíi 16. Lórí bébà ìwé ìròyìn, ìlànà ní kí bébà jẹ́ 82, kí dúdú sì jẹ́ 36. Ẹ yọ ọ̀kan nínú ìkejì: 79 níbẹ̀, 46 níbí. Gbogbo ohun tí fọ́tò fẹ́ sọ gbọ́dọ̀ wọ inú 46 yẹn. Nínú fọ́tò yìí, aṣọ, ògiri àti ojú ti fún ara wọn mọ́ ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí a tó fún wọn mọ́ra sí i. Bí wọ́n ṣe di ọ̀kan kò ní ìyanu nínú.

Olóòtú ní kí n kàn tan iná sí CMYK tó wà nílẹ̀, kí a tètè máa lọ. Mo dán an wò lójú rẹ̀ kí ó lè rí i fúnra rẹ̀. Bí mo ṣe fa àárín ìlà tó ń darí ìmọ́lẹ̀ fọ́tò sókè, ojú mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó pọ́n. Cyan fúyẹ́ ju magenta lọ, obìnrin náà sì wá jọ ẹni tó ti dúró sínú oòrùn tipẹ́. Aṣọ rẹ̀ ò sì kúrò ní 300% tó wà. Ẹni tó bá fẹ́ tún irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ṣe á máa lé àwọ̀ mẹ́rin kiri lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ láti padà sí ohun tí kámẹ́rà rí.

Mo pe ayàwòrán náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí wàhálà? Mo ti bá yín sọ ọ́ di CMYK, kó má baà pọ̀ jù fún yín."

"O ṣeun, àbúrò. Èyí tó ti inú kámẹ́rà jáde gan-an ni mo fẹ́ báyìí, ti raw. Má fọwọ́ kàn án."

Ohun tó kọ́kọ́ dé sọ́dọ̀ mi gba orí app tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Pixel 1,280 ló wà ní fífẹ̀ rẹ̀. Àyè tó ń lọ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24, ìyẹn ínṣì 9.45, èyí tó fi jẹ́ pé pixel 135 péré ló máa bọ́ sí ínṣì kan. Ìwé ìròyìn tó ń lo ìlà dọ́ọ̀tì 40 nínú sẹ̀ǹtímítà, tó jẹ́ nǹkan bí 100 nínú ínṣì, ń fẹ́ pixel bíi 200 nínú ínṣì, tàbí 150 ó kéré tán. Ohun tó tún burú jù ni pé app náà ti fún fáìlì pọ̀: nínú aṣọ dúdú yẹn, igun mẹ́rin-mẹ́rin ló kún ibi tó yẹ kí ìṣẹ́po wà. Kò hàn bí a kò bá tan iná sí i, iná ni mo sì fẹ́ tàn sí i. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, kó má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Èyí tó wá dé tóbi ju ohun tí mo nílò lọ, ó sì mọ́.

Nínú raw náà, nǹkan pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ìṣẹ́po aṣọ wà níbẹ̀, ojú pákó wà níbẹ̀, ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú adájọ́ náà sì yàtọ̀ sí ògiri. Mo gbé ibi tó ṣókùnkùn sókè níbẹ̀, kí n tó sọ ọ́ di fọ́tò 16-bit, èyí tó ní ìpele ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ gan-an, nítorí pé lẹ́yìn tó bá ti di JPEG, ìwọ̀nba ìpele ló kù nísàlẹ̀, fífà wọ́n sókè á sì fi ìlà-ìlà hàn. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí Photoshop fi bí fọ́tò náà yóò ṣe rí lórí bébà ìwé ìròyìn hàn mí, títí kan àwọ̀ bébà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú profile ti WAN-IFRA tí mo dárúkọ lókè. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é rí, á rò pé kọ̀ǹpútà ti bàjẹ́. Funfun á di eérú, dúdú á ṣá, gbogbo rẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì lójú kan náà. Mo máa ń gbójú kúrò nígbà tí mo bá ń tẹ̀ ẹ́, kí ojú mi má baà fi fọ́tò tó ń dán yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Olóòtú kò gbójú kúrò ní tirẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún ti pa á," ló sọ. Mo ní kó wò ó fún ìgbà díẹ̀ ná, kí ojú rẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ibi tó mọ́lẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Aṣọ funfun ọrùn rẹ̀ ní ìlà nínú, mi ò sì fẹ́ kó di bébà lásán, nítorí náà mo fi dọ́ọ̀tì bíi 3% sí i. Èyí tó bá kéré sí ìyẹn kì í sábà dúró lórí pléètì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ fi ń tẹ̀wé, àti lórí bébà. Fèrèsé kò ní ohunkóhun tó ń sọ, mo jẹ́ kí àárín rẹ̀ lọ sí bébà. Ní ìsàlẹ̀, mo fi ìlà kan ṣoṣo gbé gbogbo fọ́tò sókè láti àárín wá, láìfọwọ́ kan ojú lọ́tọ̀. Gbígbé ojú nìkan jáde nígbà tí ọrùn àti ọwọ́ wà bí wọ́n ṣe wà máa ń jọ ìbòjú, òǹkàwé sì máa ń mọ̀ ọ́n lára bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tó jẹ́.

Níbí ni olóòtú ti bi mí ní ìbéèrè tó yẹ kó bi mí: ṣé a kì í ṣe pé a ń sọ obìnrin yìí di aláwọ̀ pupa? Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1994, ìwé TIME gbé fọ́tò tí ọlọ́pàá ya O.J. Simpson sí èèpo iwájú, wọ́n ti mú un ṣókùnkùn gan-an. Newsweek gbé fọ́tò kan náà jáde ní ọ̀sẹ̀ kan náà bó ṣe wà. Àwọn méjèèjì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé, gbogbo ayé sì rí ohun tí wọ́n ṣe. Ibi tí wọ́n ti ṣàṣìṣe nìyẹn: wọ́n yí bí àwọ̀ ara èèyàn ṣe rí lójú òǹkàwé padà. Èmi ní tèmi ń gbìyànjú kí ohun tí òǹkàwé máa rí má yí padà. Nítorí náà, àpẹẹrẹ bébà, ìyẹn bí Photoshop ṣe ní ó máa rí lórí bébà, ni mo ń fi wé fọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, lórí ojú kọ̀ǹpútà tí a ti tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe. Fáìlì fúnra rẹ̀ lè mọ́lẹ̀ ju obìnrin náà lọ, ó tilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ jù ú lọ, torí ẹ̀rọ máa mú un padà. Tí àpẹẹrẹ bébà bá wá mọ́lẹ̀ ju obìnrin náà lọ, mo ti ré ààlà kọjá nìyẹn. Mo fà á sókè títí tí férémù awò ojú àti ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi hàn, mo sì dáwọ́ dúró. Olóòtú ní kí n túbọ̀ fi díẹ̀ kún un. Mi ò fi kún un.

Ó tún bi mí bóyá a lè mú ògiri ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kí obìnrin náà lè yọ. Ìyẹn rọrùn, á sì dára lójú. Kì í ṣe ògiri tí ayàwòrán bá níbẹ̀ mọ́ nìyẹn, nítorí náà a kò ṣe é.

Nígbà tó kan yíyí i sí CMYK, iṣẹ́ tó kù pọ̀ lọ́wọ́ profile. Profile ìwé ìròyìn máa ń fi K rọ́pò ibi tí C, M àti Y ti pa pọ̀ di eérú. Lára èèyàn dúdú, èrè rẹ̀ pọ̀: àwọ̀ ara á gbára lé K, cyan á sì kéré. Ẹ̀rọ ìwé ìròyìn ń sáré, àwọ̀ kan lè kúrò lórí èkejì díẹ̀, yíǹkì magenta lè pọ̀ sí i láàárín ẹ̀dà kan àti òmíràn. Tó bá jẹ́ pé cyan púpọ̀ àti magenta púpọ̀ ló ń mú àwọ̀ ojú dúró, ìyẹ̀sẹ̀ díẹ̀ á sọ ojú di pupa tàbí àwọ̀ ewé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ adájọ́ wá di C 24, M 47, Y 52, K 22, pẹ̀lú yẹ́lò tó ṣíwájú magenta díẹ̀. Aṣọ níbi tó dúdú jù di C 50, M 40, Y 40, K 88, tó jẹ́ 218%. Mo ka ojú kan níwájú orí, ọ̀kan lẹ́rẹ̀kẹ́, ọ̀kan lábẹ́ àgbọ̀n, kí n lè rí i pé àlàfo tó nítumọ̀ wà láàárín wọn. Nọ́ńbà ni mo gbà gbọ́ ju ojú mi lọ ní aago yẹn.

Mo ti dín in kù sí pixel 1,890 ní fífẹ̀ kí n tó yí i, torí ìyẹn ni 200 nínú ínṣì fún àyè náà. Lẹ́yìn ìdínkù ni mo pọ́n ọn, ìyẹn ni pé mo mú kí etí àwọn nǹkan inú rẹ̀ túbọ̀ mú, rádíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ pixel 1, agbára rẹ̀ sì wà ní 150%. Ẹni tó bá pọ́n fọ́tò kó tó dín in kù, ó ti fi iṣẹ́ ṣòfò. Lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò tó ń lọ sórí bébà ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ mú ju bó ṣe yẹ lọ, kí etí awò ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dun ojú. Wíwú dọ́ọ̀tì máa fọ díẹ̀ nínú rẹ̀ dànù. Lára awọ ojú nìkan ni mo ti rọ̀ ọ́, nítorí mo ti gbé ìsàlẹ̀ sókè, pípọ́n á sì mú ariwo kámẹ́rà, ìyẹn àwọn èérún tó máa ń wà níbi tó ṣókùnkùn, jáde bíi rorẹ́.

Wọ́n gé pléètì mẹ́rin tuntun fún ojú ewé kìíní, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀. Àwọn bébà àkọ́kọ́ kì í ṣeé fi dájọ́, torí yíǹkì àti omi kò tíì bára mu. Nígbà tí ó dúró ire, olórí àwọn onímáṣìn fa ẹ̀dà kan yọ, ó fi ìka àtàńpàkò ra ojú aṣọ dúdú náà. Ìka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé nǹkan kan. Ojú obìnrin náà wà níbẹ̀: awò ojú, férémù, ẹ̀rín yẹn náà, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó yà kúrò lára ògiri. Ìṣẹ́po aṣọ hàn ní èjìká, kò hàn láti igbá àyà lọ sísàlẹ̀. Ògiri tẹ́jú ju bí àpẹẹrẹ ṣe sọ lọ, ojú pákó sì pòórá. Mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Inú 46 yẹn, mo ní láti yan ẹni tí mo máa fún láyè, ògiri kọ́ ni wọ́n búra fún.

Nǹkan méjì la yí padà nínú bí a ṣe ń ṣiṣẹ́. Àkọ́kọ́, sọ́fítíwíà kì í jẹ́ kí CMYK kọjá láìwò ó mọ́: tí profile inú rẹ̀ kì í bá ṣe ti ìwé ìròyìn, tàbí tí kò bá ní profile rárá, ó máa dá a padà sí orí tábìlì mi. Ìkejì, a sọ fún gbogbo àwọn ayàwòrán pé RGB ni kí wọ́n máa fi ránṣẹ́, pẹ̀lú profile nínú rẹ̀, ìbáà jẹ́ sRGB tàbí Adobe RGB, kí àlàyé fọ́tò sì wà nínú fáìlì fúnra rẹ̀. Àwọn kan bínú. Wọ́n ní àwọn mọ CMYK í ṣe. Wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe lóòótọ́, wọn kò kàn mọ bébà tó ń lọ ni, bébà yẹn sì lè yàtọ̀ láti ilé ìtẹ̀wé kan sí òmíràn.

Ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀ jáde ní òwúrọ̀. Àwọn tó ń mójú tó ìkànnì wa mú fáìlì ẹ̀dà kejì, wọ́n yí i padà sí RGB, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbẹ̀, níbi tí kò ti sí bébà tó máa mú un ṣókùnkùn, ojú adájọ́ náà mọ́lẹ̀ ju bó ṣe rí lọ, fọ́tò náà ṣá, etí awò ojú rẹ̀ sì mú bí ohun tí wọ́n gé lẹ̀ mọ́ ọn. Mo bá wọn fi raw ṣe òmíràn. Fáìlì méjì ni mo ń ṣe báyìí fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀: RGB tí a ń tọ́jú, tí ìkànnì lè lò, àti CMYK tí orúkọ bébà wà nínú orúkọ rẹ̀. Ti CMYK, mo máa ń pa á rẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀dà tó kẹ́yìn bá ti jáde, kí ẹnikẹ́ni má baà tún rí i mú.